Áńpílífáyà Inú Ilé: Ìsọ̀rí AB àti Ìsọ̀rí D

Áńpílífáyà ni ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún ohùn kí ó tó dé inú sípíkà. Tànsísítọ̀ ni ìsọ̀rí AB àti ìsọ̀rí D jọ ń lò. Ọ̀nà ìlò ni ó yàtọ̀.

Nínú ìsọ̀rí AB, tànsísítọ̀ dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi tí a ṣí díẹ̀; apá kan agbára iná á di ooru. Bí ó bá gba wáàtì 100, kò lè fún sípíkà ju nǹkan bí 78 lọ, kódà nínú ìṣirò. Bí ohùn bá rẹlẹ̀, ìdá tí ó ń ṣòfò á tún pọ̀ sí i.

Nínú ìsọ̀rí D, tànsísítọ̀ á ṣí pátápátá tàbí kí ó pa pátápátá, lọ́pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí ni ó ń dúró fún ohùn. Kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ á wá sẹ́ ariwo ṣíṣí-pípa náà kúrò. Ó lè fi nǹkan bí 90 nínú 100 ránṣẹ́, èyí tí ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń lo bátìrì.

Lẹ́tà D kò túmọ̀ sí díjítà; ó kàn tẹ̀lé C ni. Nítorí náà, ṣíṣí àti pípa ni ó yẹ kí orúkọ Yorùbá tí a bá fún un tẹnu mọ́.