Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Lórí Òkè Washington: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ìtàn Rántí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Síbẹ̀, bí a bá ṣí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn, àwọn tó fi agbára mú nǹkan la máa ń kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ dé, ẹni tó yára jù, ẹni tó gòkè jù. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi ìtàn òkè kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Orúkọ òkè náà ni Òkè Washington, ìpínlẹ̀ New Hampshire ló wà, àwọn ènìyàn sì ti ń fi ski gùn ún láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìbéèrè mi ni èyí: nínú gbogbo àwọn tó ti gun òkè yìí, ta ni ó yẹ kí ìtàn rántí jù?

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀ fún àwa tí a kò fojú rí òjò dídì rí. A mọ orúkọ rẹ̀ nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú yìnyín tó máa ń bọ́ lu páànù wa nígbà òjò àkọ́rọ̀. Òjò dídì fúyẹ́ bí òwú. Ó máa ń kó jọ ní ìpele ìpele títí yóò fi ga ju ènìyàn lọ. Ski ni pákó pẹlẹbẹ gígùn méjì tí ènìyàn ń so mọ́ bàtà kí ó má baà rì sínú rẹ̀, kí ó sì lè yọ̀ lórí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lóde òní, ẹ̀rọ ló ń gbé ènìyàn gòkè, tí yóò kàn máa yọ̀ bọ̀ nílẹ̀. Èyí tí mo ń sọ yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ara ẹni lènìyàn fi ń gòkè. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń so awọ ẹran omi kan tí wọ́n ń pè ní seal mọ́ abẹ́ ski. Ẹni tó bá ti fọwọ́ pa irun ewúrẹ́ rí yóò mọ ìdí rẹ̀: bí a bá pa á láti ọrùn sí ìdí, ọwọ́ a máa yọ̀, bí a bá pa á láti ìdí sí ọrùn, irun a dìde, a sì kọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni awọ náà ń jẹ́ kí ski yọ̀ síwájú, tí kò sì ní jẹ́ kó yọ̀ padà sẹ́yìn. Aṣọ onírun tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ski ni wọ́n ń lò báyìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Òkè Washington kò ga púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkè ńláńlá ayé. Ẹsẹ̀ bàtà 6,288 ni gíga rẹ̀. Atẹ́gùn ló sọ ọ́ di abàmì. Ní ọdún 1932, wọ́n dá ibùdó ìwòye ojú ọjọ́ sílẹ̀ lórí ṣóńṣó rẹ̀. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹrin, ọdún 1934, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wọn atẹ́gùn tó ń sáré máìlì 231 ní wákàtí kan. Títí di ọdún 1996, kò sí ibòmíràn lórí ilẹ̀ ayé tí wọ́n ti wọn atẹ́gùn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Atẹ́gùn yìí kan náà ló ń ṣètò òjò dídì òkè náà. Láti ìwọ̀ oòrùn ló ti sábà máa ń fẹ́. Á gbá òjò dídì kúrò lórí ṣóńṣó òkè, á sì kó o dà sínú àfonífojì kan ní apá ìlà oòrùn tí wọ́n ń pè ní Tuckerman, orúkọ Edward Tuckerman, onímọ̀ nípa ewéko tó máa ń ṣe ìwádìí ní agbègbè náà. Àfonífojì náà dà bí àwo kòtò tí wọ́n gé apá kan rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri. Nítorí gbogbo òjò dídì tí atẹ́gùn ti kó dà síbẹ̀, nígbà tí ewé tuntun bá ń yọ ní ìsàlẹ̀ òkè ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, àwọn ènìyàn ṣì ń fi ski yọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìparí ìgbà òtútù àti ìgbà ìrúwé fi jẹ́ àkókò tí èrò máa ń wọ́ lọ síbẹ̀ jù. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè níbẹ̀ títí di òní.

Ta ló wá kọ́kọ́ débẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń dá Darby Field lóhùn, òyìnbó kan tó gun òkè náà ní ọdún 1642. Ṣùgbọ́n àwọn Abenaki tó ni ilẹ̀ náà ti ní orúkọ fún òkè yìí kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní Washington: Agiocochook ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ló sì bá Field rin ọ̀nà náà. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ irú ìtàn yìí dáadáa. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé Mungo Park ló ṣàwárí Odò Ọya, bí ẹni pé àwọn tó ń mu omi odò náà, tí wọ́n ń pẹja nínú rẹ̀, kò fojú rí i. Láti ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti máa fura sí ọ̀rọ̀ náà, “ẹni àkọ́kọ́.”

Ní ti ski, ìtàn náà ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1899, dókítà kan tó ń jẹ́ Wiskott, ará Jámánì, lo ski lórí òkè náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1914, John Apperson lo ski nínú àfonífojì Tuckerman. Ọdún 1931 ni Charles Proctor àti John Carleton kọ́kọ́ yọ̀ kọjá lórí ògiri rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ṣojú Amẹ́ríkà rí nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Ní ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olùfẹ́ ski láti ìlú Boston lọ sí New Hampshire ní òpin ọ̀sẹ̀. Àkókò náà le, iṣẹ́ wọ́n, owó kò sí lóde. Ìjọba kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ jọ láti máa ṣiṣẹ́ nínú igbó, lára iṣẹ́ tí wọ́n sì ṣe ni ọ̀nà ski Sherburne tí wọ́n là ní ọdún 1934, tó jáde láti ìsàlẹ̀ àfonífojì náà lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà mọ́tò. Orúkọ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣì ń gba ọ̀nà tí wọ́n là.

Ibi tí ìtàn náà ti gbóná jù ni ọdún 1939. Láti mọ̀ ọ́n, a ní láti kọjá sí ilẹ̀ Austria. Ní abúlé St. Anton ni Hannes Schneider ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ski, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri. Ní ọdún 1938, Hitler gba Austria. Schneider kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn Násì, wọ́n sì mú un. Harvey Gibson, onílé ìfowópamọ́ ńlá kan tí ìlú rẹ̀ jẹ́ North Conway, nítòsí Òkè Washington, bá àwọn aláṣẹ Jámánì dúnàá-dúrà títí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1939, Schneider àti ẹbí rẹ̀ gúnlẹ̀ sí North Conway. Ilé rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gba ìmọ̀ inú orí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ti inú ilé ẹ̀kọ́ Schneider jáde ni Toni Matt, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí òun náà ti dé Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹrin, ọdún 1939, wọ́n ṣe ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Inferno. Láti ṣóńṣó òkè ni àwọn olùdíje ti máa sá, wọn yóò gba orí ògiri Tuckerman, wọn yóò sì dé ìsàlẹ̀ òkè, nǹkan bí máìlì mẹ́rin. Ní ọdún 1934, ìṣẹ́jú méjìlá àti àbọ̀ ló gba ẹni tó yára jù, Dick Durrance. Matt ti pinnu pé òun yóò máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ògiri náà láti dín eré òun kù, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí òun dé mọ́. Kó tó mọ̀, ó ti wà lórí ògiri náà, ó sì ń já bọ̀ tààrà. Kò yí rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló lò. Durrance ló ṣe ipò kejì, Matt sì fi bí ìṣẹ́jú kan jù ú lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà yìí ni gbogbo ènìyàn ń sọ títí dòní. Bí ẹ bá béèrè ìtàn ski lórí Òkè Washington, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. N kò bá wọn jiyàn pé iṣẹ́ akọni ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: kì í ṣe ohun tí Matt pète nìyẹn. Ó ṣì ibi tó wà ni, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tó ti gbà ni kò jẹ́ kó kú. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé èwe àti àìgbọ́n òun wà níbẹ̀, àti ẹsẹ̀ tó lágbára. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni èmi, ọdún mẹ́ta péré ló fi jù mí nígbà náà. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín wa. Ọmọkùnrin tó bá fò láti orí afárá sínú odò nígbà tí omi kún la máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tó ní “omi ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká padà,” ojo là ń pè é.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìtàn kejì kan wà lórí òkè yẹn, tí a kò sọ tó. Òun ni ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti gòkè kí wọ́n sì bọ̀ láàyè. Láti ọdún 1849, ó ti ju àádọ́jọ ènìyàn lọ tó ti kú lórí Òkè Washington àti àwọn òkè tó yí i ká. Òtútù pa àwọn kan, àwọn mìíràn ṣubú. Ìwólulẹ̀ òjò dídì pa àwọn mìíràn. Ohun tó ń fà á nìyí: atẹ́gùn á kó òjò dídì tuntun jọ, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di pátákó líle lórí ìpele kan tí kò lágbára. Bí ènìyàn kan bá tẹ̀ ẹ́, ìpele ìsàlẹ̀ lè fọ́, gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀ á sì ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó bá dagun láàárín ọgbọ̀n sí márùndínláàádọ́ta dígírì ló ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀, irú ibẹ̀ gan-an ló sì dùn ún yọ̀ jù. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, ewu mìíràn á tún dé: yìnyín ńláńlá á máa já bọ́ láti ara ògiri, omi á sì máa ṣàn lábẹ́ òjò dídì, á gbẹ́ ihò tí ojú kò rí.

Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó ń bójú tó igbó ọba ní Amẹ́ríkà ti ń ṣọ́ àfonífojì náà. Wọ́n ń gbẹ́ ihò sínú òjò dídì láti wo ìpele rẹ̀, wọ́n ń wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, wọ́n sì ń kéde bí ewu ṣe tó, láti ipele kìn-ín-ní dé ìkarùn-ún. Àwọn afínnúfíndọ̀ náà ń bá wọn gbé ẹni tó bá fara pa. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe kì í gòkè láìmú ẹ̀rọ kékeré tó ń rán àmì, ọ̀pá gígùn tín-ín-rín tí a fi ń wá ènìyàn lábẹ́ òjò dídì, àti ṣọ́bìrì dání. Kì í sì í dá lọ. Bí òjò dídì bá bo ènìyàn, tí wọ́n bá tètè hú u jáde láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìrètí ṣì wà dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrètí náà á máa já wálẹ̀ kíákíá. Àwọn tó lè gbani là láàárín àkókò bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a jọ lọ, nítorí kí àwọn olùrànlọ́wọ́ tó ti ìsàlẹ̀ gòkè dé, ó ti pẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, bí kò bá sí àwọn aláyà líle bíi Proctor àti Carleton, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Proctor tó kọ́kọ́ yọ̀ lórí ògiri náà kò dúró síbẹ̀. Òun ló tún yàn ibi tí ọ̀nà Sherburne gbà, kí àwọn mìíràn lè bọ̀ nílẹ̀ láìséwu. Schneider náà, kì í ṣe eré tó sá ló sọ ọ́ di ẹni ńlá bí kò ṣe àwọn tó kọ́. Ìgboyà tó bá fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ló dára jù lójú mi.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo bi nìyí. Kí a rántí Toni Matt, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí a kọ orúkọ Agiocochook ṣáájú Washington. Kí a kọ ti àwọn ọ̀dọ́ aláìníṣẹ́ tó fi àáké la ọ̀nà, àti ti òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ihò sínú òjò dídì ní àárọ̀ kùtù kó lè sọ fún àwọn tí kò mọ̀ rí pé, “Ẹ má gòkè lónìí.” Kò sẹ́ni tó lè ka iye àwọn tí ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn ti dá padà sílé láàyè. Mo rò pé ìdí tí ìtàn fi ń gbàgbé wọn nìyẹn: ẹni tí jàǹbá kò ṣe kì í ní ìròyìn tí yóò mú délé. Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ló yẹ kí a máa béèrè wọn.