Fáìlì ńlá lórí ímeèlì: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi ìwé ìwáṣẹ́, fọ́tò ìnáwó àti fídíò ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ lè máa lo Wi-Fi ọ́fíìsì, àmọ́ dátà tí ẹni tó máa gbà á fowó ara rẹ̀ rà ló máa fi ṣí i. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká fi ọmọlúàbí ṣe é.

Báwo ló ṣe lè tóbi tó?

Gmail àti Yahoo kì í jẹ́ kí fáìlì tẹ́ ẹ so mọ́ ímeèlì kan ju 25MB lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí kì í gbà ju 10MB lọ. Fáìlì tún máa ń wú lójú ọ̀nà, torí pé ímeèlì máa ń sọ ọ́ di lẹ́tà àti nọ́ńbà kó tó gbé e. Á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi sí i. Fáìlì 9MB lè di 12MB kó tó débẹ̀, wọ́n á sì dá a padà.

Kí ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fídíò náà tó 18MB, ṣé kí n fi ránṣẹ́ báyìí?" Ìyẹn ti tó.

Ẹ dín in kù. Fọ́tò kan tí fóònù yà lè tó 3MB sí 5MB. Mẹ́wàá irú ẹ̀ ti kọjá ohun tí Gmail ń gbé.

Ẹ lo lìǹkì. Ẹ gbé fáìlì ńlá sórí Google Drive, kẹ́ ẹ wá fi lìǹkì rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ rí i pé ẹ ti fún ẹni náà láṣẹ láti ṣí i. Tó bá jẹ́ ìwé àṣírí, bíi ìwé báńkì, ẹni náà nìkan ni kẹ́ ẹ fún láṣẹ.

Ẹ má fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Fáìlì 5MB tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn 40 ti di 200MB.

Ẹ yẹ àpótí ímeèlì yín wò lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá dá a padà, ìsọfúnni sábà máa ń wọlé sọ́dọ̀ yín. Ẹni tó fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, tí kò wo àpótí rẹ̀, lè máa retí ìpè fún ìwé tí ò débẹ̀ rárá.

Ó ju ọ̀rọ̀ dátà lọ

Àyè ọ̀fẹ́ 15GB tí Google ń fúnni, Gmail, Drive àti Photos ló jọ ń pín in. Tó bá kún, ímeèlì tuntun ò ní wọlé mọ́. Fídíò ìnáwó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láìbéèrè lè wá dí ọ̀nà mọ́ lẹ́tà iṣẹ́ tí ẹlòmíì ti ń retí tipẹ́. Torí náà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.