Òfin Ààbò Lẹ́nu Iṣẹ́ ní Òkè-Ògùn

Ìwé òfin ọdún 1999 fi ààbò àti ìgbáyégbádùn òṣìṣẹ́ sọ́wọ́ àwọn aṣòfin Àbújá nìkan. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ n'Ìbàdàn, tí Òkè-Ògùn wà lábẹ́ rẹ̀, kò láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2012, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tí ì bá rọ́pò òfin iléeṣẹ́ ọdún 1987, ṣùgbọ́n ààrẹ kò buwọ́ lù ú. Àdánù gidi ni.

Èyí tó sún mọ́ ará Òkè-Ògùn jù ni òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010. Agbanisíṣẹ́ ń dá náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san sápò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú náà. Ẹni tó bá fara pa gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14. Òfin yìí ka ọmọ iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, kódà bí àdéhùn bá jẹ́ ti ẹnu lásán. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ òkè nídìí òfì n'Ísẹ́yìn, àti fún ẹni tó ń fọ́ òkúta mábù n'Ígbẹ́tì, tí eruku funfun bo ìpéǹpéjú rẹ̀, tó fi àkísà di imú.