Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran: Oògùn Olóró Lójú Fíìmù, láti Agége dé Ìkẹjà

Ẹ wọ dáńfó láti Ìyánà Ìpájà lọ sí ọ̀nà Ògbà, ẹ máa gbọ́ bí kọ̀ndọ́ ṣe ń pariwo: "Pẹ́ẹ̀n! Pẹ́ẹ̀n Sinimá! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a máa ń sọ̀ níbẹ̀ ò wo sinimá kankan níbẹ̀ rí. Ilé sinimá ló fún oríta náà lórúkọ, kó tó di pé gbogbo wa ń wo fíìmù lórí fóònù. Nígbà tí ìjọba Èkó ṣí afárá síbẹ̀ ní 2021, orúkọ sinimá yẹn náà ni afárá ń jẹ́. Danjuma tó wà l'Agége náà, ilé sinimá ni. Ilé lè pa àwòrán tì, ṣùgbọ́n orúkọ ò kúrò lẹ́nu kọ̀ndọ́.

Ohun tá a fẹ́ sọ lónìí ni ìtàn bí fíìmù ṣe fi oògùn olóró hàn wá, àti ìdí tí ọ̀kan nínú wọn fi ní agbára tí ìwé ìròyìn àti ìwàásù kò ní. Ìtàn náà ní ẹnubodè méjì: pápákọ̀ òfurufú àti géètì iléeṣẹ́. Àwa tá a dàgbà láàárín Ìkẹjà àti Agége, méjèèjì ò jìnnà sílé wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn wá. Oṣù kẹjọ 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán tó ń rìn han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, òyìnbó òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó kan, William Sellers, ti ń ya fíìmù nípa àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri l'Ékòó. Ẹ̀kọ́ inú fíìmù bẹ́ẹ̀ ò le rárá: eku rèé, eku lọ̀tá, ẹ pa eku. Fún eku, ó dáa bẹ́ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ oògùn olóró dé, irú ojú kan náà la fi wo ọmọ èèyàn.

Ìjọba ló kọ́kọ́ fi ojú yẹn wò wọ́n. Ní 1966, ìjọba ológun ṣòfin tó le koko lórí igbó. Ní 1984, lábẹ́ Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, òfin tí wọ́n ń pè ní Decree 20 jáde, ó ní ikú ni ìjìyà ẹni tó bá ń ṣòwò oògùn olóró. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pa wọ́n, ikú kọ́ ni ìjìyà rẹ̀ nínú òfin. Ní 1986, ìjọba Babangida yọ ikú kúrò níbẹ̀. Ní 1989, òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ dé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, pápákọ̀ Murtala Muhammed tí wọ́n ṣí n'Íkẹjà ní 1979 ni gbogbo èèyàn ń nawọ́ sí: ibẹ̀ lẹrù burúkú ti ń wọlé, ibẹ̀ ló ti ń jáde. Lójú tiwa, nǹkan òkèèrè ni oògùn olóró, iṣẹ́ àwọn olówó òjijì ni. Kò kan ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì Agége pẹ̀lú ẹ̀wà kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Fíìmù fídíò tiwa jogún ìbẹ̀rù yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà síwájú tẹlifíṣọ̀n ìyá yín, ẹ máa rántí ọmọ ìta inú fíìmù yẹn. Ojú ẹ̀ pọ́n kankan, ó dé fìlà kọ́ṣẹ́, igbó ń rú lẹ́nu ẹ̀. Kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní orúkọ ju ìnagijẹ lọ. Ó wọlé kó lè lu ẹnì kan, ó jáde nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn fún un. Tó bá wá jẹ́ ọmọ olówó, á ya wèrè, wọ́n á ní ìyàwó bàbá ẹ̀ ló fi ràn án. Ẹ sì wò ó dáadáa, ọgbọ́n wà níbẹ̀: tó bá jẹ́ ayé ló ṣe ọmọ náà, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ta ló ta oògùn fún un.

A ò sọ pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ò pa wá lẹ́kún o. Tí ìyá bá ká ọwọ́ lérí, tí orin arò bá gbà á lẹ́nu ẹ̀, ta ni ò ní sunkún? Ṣùgbọ́n ìyá la bá sunkún. A ò bá ọmọ sunkún.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan lọ̀rọ̀ rí báyìí. Ní 1936, Amẹ́ríkà ṣe fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Reefer Madness, níbi tí igbó ti ń sọ àwọn ọ̀dọ́ di apànìyàn àti wèrè. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ni, ẹ̀rín làwọn èèyàn ń fi wò ó lónìí. Ní 1955, Otto Preminger gbé The Man with the Golden Arm jáde. Frank Sinatra ló ṣe onílù tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ heroin. Òfin Hollywood ìgbà yẹn ò gbà kí fíìmù gbé ọ̀rọ̀ oògùn olóró, wọn ò sì fún un ní òǹtẹ̀. Ó jáde láìní òǹtẹ̀, nígbà tó sì di 1956, òfin ọ̀hún ni wọ́n tún ṣe. Ní 2000, Darren Aronofsky ṣe Requiem for a Dream. Nínú rẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan fẹ́ fọn kó lè wọ aṣọ pupa ẹ̀ lọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Kò bá ọmọ ìta kankan pàdé. Dókítà ló fún un ní oògùn tó bà á láyé jẹ́. Ìdí tí fíìmù yẹn fi ń dunni wọra nìyí: a mọ ìyá yẹn. Ó wà nínú ilé tó kángun sí tiwa.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kàn wá lára ní ìparí oṣù kẹrin 2018, nígbà tí BBC Africa Eye gbé fíìmù ìwádìí Sweet Sweet Codeine jáde. Akọ̀ròyìn ọmọ Nàìjíríà, Ruona Meyer, ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Ó sọ fáyé gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun nínú ẹbí: oògùn ikọ́ tó ní kódíìnì ti di bárakú fún ọmọ ìyá òun ọkùnrin rí. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀, wọ́n ṣe bí oníbàárà, wọ́n sì ná kódíìnì bí ẹni ná gààrí. Ẹni tó ń tà á fún wọn kì í ṣe ọmọ ìta tí ojú ẹ̀ pọ́n. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ apòògùn wà nínú wọn, àwọn èèyàn tó múra dáadáa, tó mọ ìṣirò. Lẹ́yìn náà fíìmù gbé wa lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Kánò, níbi tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ọmọ ìta inú fídíò àtijọ́ ò ní ju ìnagijẹ lọ. Àwọn wọ̀nyí ní ojú, wọ́n ní ohùn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀.

Fún àwa ará agbègbè yìí, ibi tó ti dùn wá jù kì í ṣe Kánò. Géètì iléeṣẹ́ ni. Láti àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ n'Íkẹjà. Òpópónà tó la àárín rẹ̀ kọjá ń jẹ́ Ọba Akran, orúkọ C. D. Akran, ọba Àgbádárìgì tó tún ṣe mínísítà nínú ìjọba náà. Dunlop ṣe táyà níbẹ̀ títí di 2008. Cadbury wà l'Ágídíngbì, Guinness wà l'Ógbà, àwọn iléeṣẹ́ apòògùn náà sì wà láàárín wọn. Òru làwọn bàbá wa ti ń jáde l'Agége kí ṣíìfù àárọ̀ má bàa fò wọ́n. Géètì iléeṣẹ́ ni owó ilé-ìwé wa ti wá. Nítorí náà, oògùn tó bá ti iléeṣẹ́ jáde, tó wà nínú páálí, tó ní nọ́ḿbà NAFDAC lára, a ò bẹ̀rù ẹ̀. Ìyá á lọ rà á ní kẹ́mísì fọ́mọ tó ń wúkọ́ lóru, ikọ́ náà á sì lọ. Fíìmù yìí ló wá sọ fún wa pé ìgò kan náà yẹn lè gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ní páálí-páálí, lọ bá ọmọ tí kò wúkọ́ rárá. Ẹnubodè tá à ń ṣọ́ láti 1984, pápákọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó bá wa ṣọ́ ìkejì.

Ẹ wá wo agbára omijé. Ní 2017, Ilé Aṣòfin Àgbà ti sọ ọ́ pé ní Kánò àti Jígáwá nìkan, ìgò oògùn ikọ́ tó ní kódíìnì tí wọ́n ń mu lójúmọ́ tó 3,000,000. A gbọ́, a mi orí, a bá tiwa lọ. Ta ló fẹ́ sunkún nítorí ìgò? Fíìmù fi ojú èèyàn sí ìdí ìgò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2018, bí fíìmù náà ṣe ń ràn kiri orí fóònù, gbogbo ìlú ló ti gbọ́ pé Mínísítà Ìlera, Isaac Adewole, ti fòfin de kíkó kódíìnì wọlé láti fi po oògùn ikọ́. Láàárín oṣù yẹn, NAFDAC ti iléeṣẹ́ apòògùn mẹ́ta pa: méjì n'Ílọrin, ọ̀kan l'Ékòó. Òótọ́ ni pé ìjọba ti ń gbìmọ̀ lórí ẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún, fíìmù ló jẹ́ kó di kíákíá. Ní 2019, wọ́n forúkọ fíìmù náà sílẹ̀ fún ìdíje àmì-ẹ̀yẹ International Emmy.

Ibi tí ìtàn ì bá parí sí nìyẹn, ká pàtẹ́wọ́. Kò parí. Ẹkún yá, òfin yá, ìtọ́jú ló falẹ̀. Ìwádìí tí àjọ UNODC àti ìjọba gbé jáde ní oṣù kìíní 2019 sọ pé nǹkan bí 14,300,000 èèyàn ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà. L'Ékòó, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ni: ẹnì kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí kódíìnì wọ́n, tramadol wà ńlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2019, ọlọ́pàá tú àwọn èèyàn tó lé ní 250 sílẹ̀ nínú ọgbà kan l'Ójòó, n'Ìbàdàn, níbi tí àwọn ẹbí kó wọn lọ fún àtúnṣe ìwà. Kánò tá a sunkún lé lórí, ó ti wà n'Ìbàdàn. Ní oṣù kejì 2025, BBC tún gbé fíìmù mìíràn jáde, kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ tún wọ iléeṣẹ́ apòògùn kan lọ́hùn-ún ní Íńdíà, tó ń kó oògùn olóró ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, Gánà àti Kotifuà. Íńdíà náà tún fòfin dè é kíákíá. Géètì kan tún tì, òmíràn ń ṣí.

Fóònù wa náà ti di sinimá, kò sì fìgbà gbogbo dáa. Ní 2021, nígbà tí mkpuru mmiri gbòde ní ìlà-oòrùn, fídíò àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń nà ní pàṣán ní gbangba ràn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa rẹ́rìn-ín, a sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ọdún yẹn kan náà ni Ọ̀gágun Buba Marwa gorí àga NDLEA, ẹni tó ṣàkóso Èkó láyé ológun, tá a fi ń pe kẹ̀kẹ́ ní Maruwa. Àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà láti àfẹ̀mọ́júmọ́ dóru wà lára àwọn tí oògùn ń dẹ, torí ara ò ṣe irin. Tó bá dé bárakú, ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Yábàá láti 1907, Àrò wà l'Abẹ́òkúta, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ní 1954. A ti wo fíìmù tó fi ibi tí ọmọ ti bàjẹ́ hàn wá láìmọye. Èyí tó fi ọ̀nà Yábàá hàn ìyá ẹ̀, mélòó la rí? Ṣé owó ọkọ̀ wà, ṣé bẹ́ẹ̀dì wà, ta ló máa tọ́jú ẹ̀ tó bá padà délé, irú ìyẹn ò sí nínú fíìmù.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọn ò ní ká má sunkún. Fíìmù tó pa wá lẹ́kún ní 2018 ṣe ohun tí ìbọn 1985 ò lè ṣe, torí ó jẹ́ ká rí ẹni tá à ń pè ní eku pé ọmọ èèyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹkún tó bá di ojú, tí kò jẹ́ ká rí ẹni tó tà á, ká rí géètì tó gbà jáde, ká rí bẹ́ẹ̀dì tí kò sí, ẹkún orin arò náà ni.

Tẹ́ ẹ bá tún sọ̀ ní Pẹ́ẹ̀n lálẹ́, ẹ máa rí àwọn ọmọ kan lábẹ́ afárá, tí wọ́n jókòó ti ògiri, tójú wọn ti lọ jìnnà. Fíìmù àtijọ́ ò fún irú wọn lórúkọ. Kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè láti ya wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀kan nínú wọn pé kí lorúkọ ẹ̀.