Dífídẹ́ńdì: Ta ni wọ́n ń san án fún, nígbà wo, kí ló sì ń dá a dúró?

Nínú ọdún 2025, GTCO, ìyẹn kọ́ńpìnnì tó ni GTBank, san naira 7 àti kọ́bọ̀ 3 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ó ti kọ́kọ́ san naira 1 nínú ọdún 2024, nítorí náà gbogbo ohun tó pín lórí iṣẹ́ ọdún 2024 jẹ́ naira 8 àti kọ́bọ̀ 3. Zenith Bank pín naira 5 lórí ọdún kan náà. Dangote Cement, tó ní ilé iṣẹ́ ńlá ní ilẹ̀ Yewa níbí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, pín naira 30. Bí irú ìròyìn báyìí bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ṣíà á gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta kan. Mo gbọ́ ọ ní Pánṣẹ́kẹ́, mo gbọ́ ọ ní Ìtòkú, ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe nítòsí wa ní Kémta náà sì bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá ra ṣíà lónìí, ṣé wọ́n á san tèmi náà?"

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n san án, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má san án. Kódà, wọ́n lè san án kó má dé ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ṣíà ni ìdá kékeré nínú kọ́ńpìnnì. Ẹni tó rà á kò yá kọ́ńpìnnì lówó, ó ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni ín, bí ìpín tirẹ̀ kò tilẹ̀ ju hóró ìrẹsì kan nínú àpò lọ. Bí ọdún bá parí tí wọ́n ti yọ owó iṣẹ́, èlé orí gbèsè àti owó orí, ohun tó kù ni èrè. Wọ́n á dá apá kan padà sínú iṣẹ́, wọ́n lè pín apá kejì fún àwọn tó ni kọ́ńpìnnì. Èyí tí wọ́n pín yẹn ni dífídẹ́ńdì. Èlé kọ́ o. Èlé orí owó tí ẹ fi sí báńkì ní àdéhùn nínú, ẹ ti mọ iye tó máa jẹ́ kí ẹ tó fowó sílẹ̀. Dífídẹ́ńdì kò ní àdéhùn kankan. Kò tilẹ̀ di dandan kó jẹ́ owó: nígbà tí ilé iṣẹ́ àwọn Dutch tó ń bá ìlà oòrùn Éṣíà ṣòwò kọ́kọ́ pín dífídẹ́ńdì ní 1610, èròjà ọbẹ̀ àti ata ló pín fún àwọn oníṣíà rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń retí owó tí wọ́n gbé àpò ata fún.

Òfin Nàìjíríà kò gbà kí kọ́ńpìnnì pín dífídẹ́ńdì bí kò bá sí èrè tí wọ́n máa yọ ọ́ lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ MTN Nigeria ló jẹ́ kí èyí yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá 2021, MTN ta ṣíà fún aráàlú ní naira 169 ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì fi fóònù wọn rà á, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní ṣíà láyé wọn nìyẹn. Owó ń wọlé dáadáa. Ní 2023, wọ́n san naira 5 àti kọ́bọ̀ 60 ní àárín ọdún. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn náà ni naira já, gbèsè dọ́là tó wà lọ́rùn kọ́ńpìnnì sì wú. Nígbà tí wọ́n ṣírò ọdún tán, àdánù bílíọ̀nù 137 naira ni wọ́n bá. Kò sí dífídẹ́ńdì ìparí ọdún mọ́. Àdánù 2024 tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò san kọ́bọ̀. Ó di 2025, lẹ́yìn tí èrè ti padà, kí wọ́n tó tún san naira 5. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn ènìyàn ṣì ń ra dátà, ilé iṣẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ń lọ kò túmọ̀ sí pé èrè wà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò pé ẹni tó bá ṣèlérí "dífídẹ́ńdì" oṣooṣù tí kì í yẹ̀, kì í ṣe ṣíà ló ń tà. Ẹ rántí MMM ní ìparí 2016. Ẹ rántí CBEX ní oṣù Kẹrin 2025, tó ní òun á sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín 30 ọjọ́.

Ta ló ń pinnu iye tí wọ́n máa pín? Ìgbìmọ̀ olùdarí ni. Wọ́n lè pín díẹ̀ ní àárín ọdún fúnra wọn. Ti ìparí ọdún, wọ́n á dábàá rẹ̀, àwọn oníṣíà á sì fọwọ́ sí i ní ìpàdé gbogboogbò ọlọ́dọọdún. Àwọn oníṣíà lè dín iye tí ìgbìmọ̀ dábàá kù, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi kún un. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó ń pariwo ní ìpàdé pé kí wọ́n fi naira kan sí i, ẹ jẹ́ kó pariwo, òfin ti pa ẹnu ọ̀nà yẹn dé.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kàn, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè ọmọkùnrin alátùn-ún-ṣe fóònù wà. Bí kọ́ńpìnnì bá kéde dífídẹ́ńdì, ó máa ń dárúkọ ọjọ́ tí orúkọ ènìyàn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé àwọn oníṣíà kó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, wọ́n á ti ìwé náà pa fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè ṣírò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n máa san fún, ìbáà jẹ́ pé ó ti tà á kí ọjọ́ ìsanwó tó pé. Ẹni tó rà á lẹ́yìn rẹ̀ kò sí lára wọn.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ tẹ bọ́tìnì "buy" kọ́ ni orúkọ yín ń wọ ìwé. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ló máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Ní ìparí oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n dín in kù sí méjì. Bí ọjọ́ ẹ̀tọ́ bá bọ́ sí Friday, ẹni tó rà ní Wednesday á bá wọn pé. Ẹni tó rà ní Thursday ti pẹ́ jù, bí áàpù tilẹ̀ ń fi ṣíà náà hàn án lórí fóònù. Bí ọjọ́ ìsinmi ìjọba bá bọ́ sí àárín, ẹ tún fi kún un.

Àwọn kan gbọ́n títí, wọ́n ní àwọn á rà á ní ọjọ́ tó kù díẹ̀, àwọn á gba dífídẹ́ńdì, àwọn á tà á lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé ṣíà kan jẹ́ naira 50, kọ́ńpìnnì sì fẹ́ pín naira 5. Bí ọjọ́ ẹ̀tọ́ bá ti kọjá, ọjà ṣíà á yọ naira 5 yẹn kúrò lára iye rẹ̀, á di naira 45. Dífídẹ́ńdì tó máa wọ àkáǹtì yín kò sì ní pé naira 5, torí ìjọba máa mú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Naira 4 àti kọ́bọ̀ 50 ló máa dé. Ẹ ti fi kọ́bọ̀ 50 ṣòfò, owó alágbàtà tí ẹ fi rà á àti èyí tí ẹ fi tà á kò tíì sí nínú rẹ̀. Lóòótọ́, ọjà lè tún gbé e sókè lẹ́yìn náà, àmọ́ oríire nìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ìdá 10 tí mo dárúkọ yẹn, wọ́n ti máa ń yọ ọ́ kí owó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Bí ẹ bá ra ṣíà Amẹ́ríkà láti Nàìjíríà níbí, ìdá 30 ni wọ́n ń mú. Ẹ wo àpẹẹrẹ tòótọ́ kan: ní 2024, GTCO ta ṣíà fún aráàlú ní naira 44 àti kọ́bọ̀ 50. Ẹni tó gba 1,000 san naira 44,500. Nígbà tí wọ́n pín naira 7 àti kọ́bọ̀ 3 yẹn, tirẹ̀ jẹ́ naira 7,030. Ìjọba mú 703. Naira 6,327 wọ àkáǹtì. Ìyẹn lé díẹ̀ ní ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó fi sílẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 2024, ìwọ̀n tí ọjà fi ń gbówó lórí ní Nàìjíríà lé ní ìdá 34. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi dífídẹ́ńdì nìkan gbọ́ bùkátà, àfi kí ṣíà rẹ̀ pọ̀ gan-an, tàbí kó tún ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

Nígbà mìíràn, kọ́ńpìnnì kì í san owó, ṣíà tuntun ló máa ń fún ènìyàn. Bónọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ó jọ èènì tí ìyá onígàrí máa ń bù lé e lẹ́yìn tó ti wọn kóńgò tán, àmọ́ kì í ṣe èènì rárá. Bí wọ́n bá fún yín ní 1 lórí 4, ṣíà 1,000 yín á di 1,250. Iye ẹyọ kan, tó jẹ́ naira 10 tẹ́lẹ̀, á wá sọ̀kalẹ̀ sí naira 8. Naira 10,000 ni ẹ ní tẹ́lẹ̀, naira 10,000 náà ni ẹ ṣì ní. Wọ́n kàn gé búrẹ́dì yín sí ẹ̀là púpọ̀ sí i ni. Èrè rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá tún pín dífídẹ́ńdì lọ́jọ́ iwájú tí iye orí ẹyọ kan kò sì dín kù, ẹyọ tó pọ̀ sí i lẹ máa fi gbà á.

Ó wá ku èyí tó ń dùn mí jù: owó tí wọ́n ti pín, tí kò rí ẹni gbà á. Àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò ti sọ iye rẹ̀ léraléra láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì ti kọjá bílíọ̀nù 150 naira. Owó àwọn ènìyàn bíi tiwa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìyá kan wà ní Kémta tó ń ta àdìrẹ. Ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò láyé WAPCO. Ní 1972, ìjọba ológun pàṣẹ pé kí àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó ta ṣíà fún ọmọ Nàìjíríà, ó sì tún òfin náà ṣe ní 1977. Àsìkò yẹn ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ra díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tí Bàbá kú, Ìyá pè mí pé, "Akọ̀ròyìn ọmọ mi, wá bá mi wo ìwé wọ̀nyí kí n tó fi dáná." Àpótí irin kan ló gbé jáde. Ìwé ẹ̀rí ṣíà wà nínú rẹ̀, wáráǹtì dífídẹ́ńdì sì wà níbẹ̀ tó lé ní ogún, àwọn ìwé bíi ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ nígbà náà. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n tíì gbé lọ sí báńkì. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sun ún o. Owó ni."

Wáráǹtì tó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ, báńkì kì í gbà á mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò pa owó inú rẹ̀. Rẹ́jísítírà ni ẹ máa gbé e tọ̀ lọ. Òun ni ilé iṣẹ́ tó ń bá kọ́ńpìnnì tọ́jú ìwé orúkọ àwọn oníṣíà. Kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ má sì wo orúkọ àtijọ́ kí ẹ ní ó ti kógbá wọlé. WAPCO ti di Lafarge Africa láti 2014. Lever Brothers ti di Unilever. Diamond Bank wọ inú Access ní 2019. Gateway Bank tí a mọ̀ mọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí wọ inú Intercontinental ní 2005, Intercontinental náà sì wọ inú Access ní 2012. Lóòótọ́, àwọn kan kú pátápátá: Afribank, Bank PHB àti Spring Bank pàdánù ìwé àṣẹ wọn ní oṣù Kẹjọ 2011, ṣíà wọn sì di òfo. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Láti 2015 ni SEC ti ní kí dífídẹ́ńdì máa lọ tààrà sí àkáǹtì. Ẹ máa kún fọ́ọ̀mù e-dividend lọ́dọ̀ báńkì tàbí rẹ́jísítírà, pẹ̀lú BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì ṣíà yín ní CSCS. Orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu. Ibí ni wàhálà pọ̀ sí, torí láàárín 2005 sí 2008 tí gbogbo ènìyàn ń du ṣíà báńkì, àwọn kan fi orúkọ mẹ́ta mẹ́rin rà kí wọ́n lè rí púpọ̀ gbà. BVN kò mọ orúkọ mẹ́rin fún ẹnìkan. SEC ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún irú wọn láti kó o pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ fi áàpù rà ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá orúkọ yín ló wà ní CSCS tàbí ti ilé iṣẹ́ áàpù. Bó bá jẹ́ tiwọn, ọwọ́ wọn ni dífídẹ́ńdì máa kọ́kọ́ gbà kọjá.

Ti Ìyá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí olóògbé ló ni orúkọ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tí wọ́n kọ sí ibi "next of kin" ti jogún nìyẹn. Rárá. Ẹni tí wọ́n máa kàn sí ni. Bí Bàbá kò bá kọ ìwé ìhágún, àfi kí ẹbí lọ sí ẹ̀ka Probate ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ kí wọ́n gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún, kí wọ́n mú un lọ fún rẹ́jísítírà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú, kí ó tó yí orúkọ padà. Àwọn ọmọ Ìyá mẹ́ta ni. Ọ̀kan wà ní Kánádà, àwọn méjì tó wà nílé kò sì tíì fẹnu kò lórí ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wà lórí ìwé.

Kò sì yẹ kí wọ́n fi falẹ̀. Finance Act ti 2020 pàṣẹ pé bí ọdún mẹ́fà bá pé láti ìgbà tí kọ́ńpìnnì tó wà lọ́jà ṣíà ti kéde dífídẹ́ńdì, tí kò sì rí ẹni gbà á, kí owó náà lọ sínú àpò kan lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin náà pè é ní gbèsè tí ìjọba jẹ oníṣíà, ó ní onítọ̀hún ṣì lè béèrè fún un. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kéèyàn béèrè owó lọ́wọ́ rẹ́jísítírà àti kéèyàn béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Abuja? SEC ní ibi tí ẹ ti lè tẹ orúkọ sí lórí ìkànnì rẹ̀ kí ẹ fi wá dífídẹ́ńdì tí kò ní olùgbà. Ẹ tẹ orúkọ tiyín, kí ẹ tẹ ti bàbá yín, kí ẹ sì tẹ orúkọ tí Màmá ń jẹ́ kí wọ́n tó lọ́kọ.