Oòrùn, alágẹmọ àti páànù orí ilé: ìwádìí mẹ́ta tó sọ ìdí tí yàrá wa fi ń gbóná

Bí oòrùn bá ti wọ̀, ó yẹ kí ooru náà bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé yàrá kan lábẹ́ páànù ní Mushin, Agége tàbí Ìbàdàn mọ̀ pé kì í rí bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ á lù, ògiri á ṣì máa gbóná. Iná ò sí, fáànù ò yí, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti di ohun tí èèyàn ń ronú kó tó rà. Ibi tí owó oṣù ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gbà lọ nìyẹn.

Mo sì máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé ìwádìí tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe ní yunifásítì ò wúlò fún ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹ jẹ́ kí n kó mẹ́ta síwájú yín. Ẹ̀ka ìmọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n: físíìsì núkílíà, ìmọ̀ nípa ẹranko tó ń pa àwọ̀ dà, àti ilé kíkọ́. Ọ̀rọ̀ oòrùn kan náà ni gbogbo wọn ń bá wa sọ.

1. Níbo ni ooru náà ti ń wá?

Tó bá jẹ́ èédú ló ń jó nínú oòrùn, ì bá ti jó tán tipẹ́. Ní 1925, Cecilia Payne kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé pé gáàsì háídírójìn ló pọ̀ jù lára àwọn ìràwọ̀. Àwọn àgbà ẹ̀ka náà kọ́kọ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló padà jẹ́ òótọ́. Ní 1939, Hans Bethe, ọmọ Jámánì tó ti wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣàlàyé bí háídírójìn ṣe ń di hílíọ̀mù nínú ìràwọ̀. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1967.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ní àárín gbùngbùn oòrùn, níbi tí ooru ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 ní ìwọ̀n Celsius, kóró átọ̀mù háídírójìn mẹ́rin á para pọ̀ di kóró hílíọ̀mù kan. Èyí tó jáde fúyẹ́ díẹ̀ ju mẹ́rin tó wọlé lọ. Díẹ̀ tó dín yẹn ló di agbára. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 tọ́ọ̀nù ara oòrùn ló ń di ìmọ́lẹ̀ àti ooru.

Ẹ ó ní ta ló lọ ibẹ̀ lọ wò ó? Abẹ́ òkè Gran Sasso ní Ítálì ni wọ́n jókòó sí. Ẹ̀rọ Borexino tí wọ́n gbé síbẹ̀ ṣọ́ neutrino títí di 2021, èérún bíńtín kan tó ń ti inú oòrùn jáde, tó sì ń gba inú òkúta kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ní 2014, wọ́n kéde pé àwọn ti rí èyí tó wá láti ibi tí háídírójìn ti ń para pọ̀ gan-an.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń lo bíi ìṣẹ́jú 8 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọ̀sán gangan tí ojú ọ̀run mọ́, ibi tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan ń gba nǹkan bíi 1,000 wáàtì. Agbára áyọ́ọ̀nù iná kan nìyẹn. Bí òrùlé yín bá tó irú rẹ̀ 60, ẹ ṣírò rẹ̀: áyọ́ọ̀nù 60 ló wà lórí yín yẹn.

2. Kí ni alágẹmọ ń ṣe sí i?

Wọ́n sọ fún wa ní kékeré pé gbogbo ohun tí alágẹmọ bá dúró lé ló ń fara jọ. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Devi Stuart-Fox àti Adnan Moussalli ṣèwádìí lórí alágẹmọ kéékèèké ìhà gúúsù Áfíríkà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2008. Ohun tí wọ́n rí ni pé torí kí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, bíi kí akọ lè dẹ́rù ba akọ, ni agbára ìparadà wọn ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi sá pamọ́ náà o. Irú alágẹmọ kan níbẹ̀ máa ń jọ igi tó wà lórí rẹ̀ dáadáa tó bá rí ẹyẹ ju ìgbà tó bá rí ejò lọ, torí ojú ẹyẹ mọ àwọ̀ yàtọ̀ ju ti ejò.

Ní 2015, yunifásítì Geneva ní Switzerland yẹ awọ alágẹmọ Madagascar wò. Michel Milinkovitch tó jẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè àti Dirk van der Marel tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n rí i pé kírísítálì kéékèèké tò sínú awọ náà. Bí ara alágẹmọ bá balẹ̀, wọ́n á fún mọ́ra, awọ á sì máa dá ìmọ́lẹ̀ búlúù padà. Èyí á dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ìyeyè tó wà nínú awọ, a ó sì rí àwọ̀ ewé. Bí inú bá bí i, wọ́n á jìnnà síra, awọ á wá máa dá ìyeyè àti pupa padà.

Ibi tó kàn wá rèé. Ipele kírísítálì kejì wà nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Èyí ń dá infrared padà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò rí, àmọ́ tí ara wa mọ̀ bí ooru. Ó sún mọ́ ìdajì agbára oòrùn tó ń dé ilẹ̀. Àwọn olùwádìí náà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ń gba alágẹmọ lọ́wọ́ ooru nìyẹn. Kì í dúró kí ooru wọlé kó tó máa wá fáànù.

3. Ilé náà lè ṣe bẹ́ẹ̀

Ní 2014, Aaswath Raman, Shanhui Fan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Stanford ṣe pẹpẹ kan tó ń dá ìdá 97 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Wọ́n gbé e sínú oòrùn, ó sì tutù ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lọ ní nǹkan bíi ìwọ̀n 5 Celsius, láìlo iná kankan. Ní 2020, ẹgbẹ́ Xiulin Ruan ní yunifásítì Purdue ṣe ọ̀dà funfun tó ń dá ìdá 95.5 padà. Calcium carbonate ni wọ́n lò, ohun kan náà tó wà nínú èèpo ẹyin àti nínú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe òmíràn tó dé 98.1.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn nǹkan yìí ń gbà ṣiṣẹ́: wọ́n ń dá oòrùn padà, wọ́n sì ń ju ooru ara wọn sí ojú ọ̀run. Níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ lójú ọ̀run bíi ti Èkó, ọ̀nà kejì ò ní lágbára púpọ̀. Ti àkọ́kọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ilé-Ifẹ̀ náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Nígbà tí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, ya ilé Humanities ní yunifásítì tó di OAU lónìí, ó jẹ́ kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Òkè ń ṣíji bo fèrèsé ìsàlẹ̀. Ẹ kò nílò epo kankan fún ìyẹn.

Kí lèyí já sí fún ẹni tó ń san rẹ́ǹtì?

- Páànù tó ti dípẹtà ń gba oòrùn mọ́ra. Ọ̀dà funfun lórí rẹ̀ ń dín in kù. Kí ẹ máa fọ̀ ọ́, torí eruku ọyẹ́ ń pa funfun náà.
- Búlọ́ọ̀kù ń tọ́jú ooru ọ̀sán, á wá tú u sílẹ̀ lálẹ́. Ògiri tó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ìbòji fún.
- Ohun tó bo fèrèsé láti ìta dára ju kọ́tìnì inú ilé lọ, torí ooru tó bá ti wọlé ti wọlé náà nìyẹn.
- Fèrèsé sliding kì í ṣí ju ìdajì lọ. Louvre àtijọ́ ń ṣí tán. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọra ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó.

Garawa ọ̀dà funfun kan kì í ṣe ohun tó kọjá agbára lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé tí wọ́n bá dá a jọ. Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ tiẹ̀ tán, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe tiwọn. Ó ku àwa tá a wà lábẹ́ páànù.