Yíyí Jẹ́ńdà Padà Nígbà Ẹ̀kọ́ Yunifásítì: Bí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà Ṣe Ń Yan Àsìkò

Ìyípadà jẹ́ńdà ni gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin ń gbé kó lè máa gbé ayé bí obìnrin, tàbí tí ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin ń gbé kó lè máa gbé ayé bí ọkùnrin. Àwọn kan wà pẹ̀lú tí wọn kò ka ara wọn mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, bí orúkọ, aṣọ àti irun. Apá kan jẹ́ ti òfin, bí ìwé ìbí àti páásípọ́ọ̀tù. Apá kan sì jẹ́ ti ìṣègùn, ìyẹn họ́mónù àti iṣẹ́ abẹ. Ẹlòmíràn á ṣe gbogbo rẹ̀, ẹlòmíràn á mú ẹyọ kan péré níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìgbà náà ni ọmọ kọ́kọ́ ń kúrò lábẹ́ òrùlé òbí, tó ń pé ọdún 18, tó sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé ìtọ́jú ara rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ìgbà kan náà ni ìdánwò, owó ilé ìwé àti wàhálà iṣẹ́ wíwá ń já lé e lórí. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ àsìkò gba ìrònú jinlẹ̀ ju bí ará ìta ṣe lè rò lọ.

Àwọn tó ti la ọ̀nà náà kọjá

Lynn Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, wọ MIT ní 1955. Láàárín 1957 sí 1958, ó gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ayé bí obìnrin, ṣùgbọ́n ètò ìṣègùn ìgbà náà kò fàyè gbà á. Ìgbìyànjú náà forí ṣánpọ́n, ìbànújẹ́ sì mú kó fi ilé ìwé sílẹ̀ láìgba ìwé ẹ̀rí. Ó ṣiṣẹ́ ọwọ́ nídìí ẹ̀rọ fún ọdún díẹ̀ kó tó wọ Columbia, níbi tó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní 1962 àti oyè kejì ní 1963. Nígbà tó sọ fún ilé iṣẹ́ IBM, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, pé òun fẹ́ yí jẹ́ńdà padà, wọ́n lé e níṣẹ́ ní 1968. Ó tún ayé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó yí bí gbogbo ayé ṣe ń ya àwòrán chip kọ̀ǹpútà padà. Ọdún 2020 ni IBM ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 52.

Àwọn tó tẹ̀ lé e bá ayé tó yàtọ̀ pàdé, ṣùgbọ́n ìṣòro àsìkò kò kúrò nílẹ̀. Kye Allums ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún ẹgbẹ́ obìnrin ní George Washington University nígbà tó kéde ní oṣù Kọkànlá 2010 pé ọkùnrin ni òun. Kò tí ì fẹ́ fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Nítorí náà, ó yí orúkọ padà, ó sì sún họ́mónù síwájú títí ìgbà tó máa parí eré. Bí wọ́n bá ti gún un ní abẹ́rẹ́ testosterone, ìyẹn họ́mónù ọkùnrin, àyè rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ obìnrin ti bọ́ nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn ni Schuyler Bailar gbà. Òmùwẹ̀ ni. Harvard ti mú un fún ẹgbẹ́ obìnrin kó tó parí ilé ìwé gíramà. Dípò kó wọlé lójú ẹsẹ̀, ó sinmi fún ọdún kan, ó fi gba ìtọ́jú, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ àyà fún un nínú ọdún náà. Àwọn kóòṣì ẹgbẹ́ méjèèjì fún un láyè láti yan èyí tó bá wù ú. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, òun lè máa gba àmì ẹ̀yẹ lọ, àti pé lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, ẹ̀yìn ni òun á kọ́kọ́ wà. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ló yàn. Ó wọlé ní 2015, ó wẹ̀ fún wọn fún ọdún mẹ́rin gbáko, ó sì gboyè ní 2019. Òun ni òmùwẹ̀ trans (ìyẹn ẹni tó yí jẹ́ńdà padà) àkọ́kọ́ tó díje ní gbangba ní ìpele kìíní àjọ eré ìdárayá yunifásítì, NCAA.

Ohun tí ara ń béèrè

Họ́mónù kì í sáré. Fún ẹni tó ń lo testosterone, nǹkan oṣù sábà máa ń dáwọ́ dúró láàárín oṣù kan sí mẹ́fà. Ìrorẹ́ máa ń yọ lójú. Ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jinlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè tó ọdún kan sí méjì kó tó dúró sójú kan. Irùngbọ̀n ló ń pẹ́ jù: ó lè tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó kún. Fún ẹni tó ń lo estrogen, ìyẹn họ́mónù obìnrin, ọmú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, á sì máa dàgbà fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Ohùn tó ti wú tẹ́lẹ̀ kò ní padà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ohùn ló ń tún un ṣe. Irùngbọ̀n náà kì í lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa fi iná mànàmáná pa gbòǹgbò irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà sì sábà máa ń ju ọdún kan lọ.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ họ́mónù ní ọdún àkọ́kọ́ lè retí pé, nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní ọdún kẹrin, púpọ̀ nínú ìyípadà ara òun ti hàn. Ẹni tó bá dúró di ìparí, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni ohùn rẹ̀ á máa yí padà lójú ọ̀gá àti alábàáṣiṣẹ́. Ọ̀kankan nínú méjèèjì kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn mọ èyí tí òun ń yàn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí gbọ́dọ̀ ṣáájú. Họ́mónù lè dín agbára ìbímọ kù, nígbà mìíràn títí láé, nítorí náà àwọn dókítà máa ń béèrè bóyá ẹni náà fẹ́ kí wọ́n bá òun tọ́jú àtọ̀ tàbí ẹyin pamọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Testosterone kò sì lè dípò oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn lóyún.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé wá láti ọ̀dọ̀ WPATH, àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìlera àwọn trans, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979. Ẹ̀yà keje ìlànà náà béèrè ìwé méjì láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ, àti oṣù 12 ìgbé ayé nínú jẹ́ńdà tuntun, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ara. Ẹ̀yà kẹjọ, tó jáde ní 2022, dín ìwé náà kù sí ẹyọ kan. Ó sì dá a lábàá pé kí ẹni tó ń fẹ́ họ́mónù ti lò ó fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kí wọ́n tó yọ kórópọ̀n tàbí ilé ẹyin. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ṣì ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kàlẹ́ńdà ilé ìwé

Ìsinmi gígùn, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ, ni ọ̀pọ̀ ń fi iṣẹ́ abẹ sí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àyà, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lè wà ní ìhà méjèèjì fún bí ọ̀sẹ̀ kan láti máa fa omi ara jáde. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kò sì gbọ́dọ̀ na apá sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ló ń sùn, tó ń gbé àpò ìwé gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́, kò lè ṣe èyí láàárín sáà ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ abẹ tó ń ṣe ojú ara obìnrin tuntun tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹni tí wọ́n ṣe é fún gbọ́dọ̀ máa fi ohun èlò kan sí i lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́ kó má bàa pa dé. Èyí nílò yàrá tó jẹ́ ti ẹni náà nìkan, kì í ṣe yàrá ènìyàn mẹ́ta. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gba ìsinmi odidi sáà kan.

Orúkọ kò nílò dókítà, síbẹ̀ òun ló ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kíláàsì, olùkọ́ á ṣí rẹ́jísítà, á sì pe orúkọ tí wọ́n fi gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Bí orúkọ náà kò bá bá ẹni tó dìde dáhùn mu, ogójì ènìyàn ti gbọ́ ohun tí kò sọ fún wọn. University of Vermont bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ tó ń jẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé ìwé ní 2009, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ti tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ lo ètò yìí gbọ́dọ̀ ṣe é kí rẹ́jísítà sáà tuntun tó jáde. Ìyípadà orúkọ lábẹ́ òfin ń gba ilé ẹjọ́ kọjá, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ṣì ń fẹ́ kí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn, bí a ṣe mọ̀ ọ́n ní Nàìjíríà. Bí ilé ẹjọ́ bá parí ọ̀rọ̀ náà kí ìwé ẹ̀rí tó jáde, orúkọ tuntun lè wà lórí rẹ̀.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Nàìjíríà lọ, orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ni ìwé físà rẹ̀ ń tẹ̀ lé, ohunkóhun yòówù kí kọ̀ǹpútà ilé ìwé máa pè é.

Owó, òbí àti àpò ìwé

Òfin ìlera 2010 jẹ́ kí ọmọ wà lórí adójútòfò òbí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 26. Oore ńlá ni, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń fi ìwé àlàyé ìtọ́jú ránṣẹ́ sí ẹni tó ni àdéhùn. Bàbá lè ṣí àpò ìwé kan lórí tábìlì kó rí orúkọ oògùn tí ọmọ rẹ̀ kò tí ì bá a sọ. Òfin àṣírí ìlera, HIPAA, fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú láyè láti béèrè pé kí wọ́n máa fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì mìíràn. Àwọn mìíràn ń lo adójútòfò yunifásítì dípò ti òbí.

Ìrànwọ́ owó ìjọba náà máa ń pinnu àsìkò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tí ì pé ọdún 24, tí kò ṣègbéyàwó, tí kò sì ní ọmọ tó ń bọ́, ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń wo owó tó ń wọlé fún òbí rẹ̀ kó tó ràn án lọ́wọ́. Bí òbí bá bínú, tí kò fẹ́ kọ nǹkan kan sínú fọ́ọ̀mù mọ́, ọ̀nà àbáyọ wà ní ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó, àmọ́ ó ń gba ẹ̀rí àti àkókò. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń jẹ́ kí owó ọdún náà wọlé ná kí wọ́n tó jókòó bá òbí sọ̀rọ̀.

Òfin àti irú ilé ìwé

Pípé ọdún 18 kò tó níbi gbogbo. Ní Alabama àti Nebraska, ọdún 19 ni òfin ka ènìyàn sí àgbà, òfin tí wọ́n sì fi dí ọ̀nà ìtọ́jú yìí mọ́ àwọn ọmọdé kan akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ tó ṣì wà ní 18. Testosterone tún wà lára oògùn tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́: ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ni wọ́n lè tún un rà lórí ìwé dókítà kan, láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ń lọ lo ìsinmi ní ìpínlẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ rò ó mọ́ ìrìn rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ní Atlanta, tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀, fi hàn bí ilé ìwé ṣe lè pinnu àsìkò. Spelman, ilé ìwé obìnrin, kéde ní 2017 pé òun yóò gba obìnrin trans, àti pé ẹni tó bá di ọkùnrin lẹ́yìn tó ti wọlé lè dúró kó gboyè. Morehouse, ilé ìwé ọkùnrin, kéde ní 2019 pé òun yóò gba ọkùnrin trans, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di obìnrin lẹ́yìn tó wọlé kò ní ẹ̀tọ́ láti máa bá ẹ̀kọ́ lọ níbẹ̀.

Ọdún 2025 da ọ̀pọ̀ ètò rú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ pé ìjọba àpapọ̀ kò ní ka ohun mìíràn sí bí kò ṣe ọkùnrin àti obìnrin bí wọ́n ṣe bí wọn, páásípọ́ọ̀tù sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì, NCAA ti ìdíje obìnrin mọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin.

Òfin nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe láàárín àwọn trans Amẹ́ríkà ní 2015, tí 27,715 ènìyàn dáhùn, fi hàn pé nínú àwọn tí ènìyàn mọ̀ sí trans ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bú, lù tàbí fìtínà. Yunifásítì tó bá ní ètò orúkọ, yàrá tó yẹ àti dókítà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ìyà náà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ronú lórí ìgbésẹ̀ yìí béèrè òfin ìpínlẹ̀ tí ilé ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tàbí ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún yìí gan-an, kó má gbára lé ohun tí ẹni tó gboyè lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn sọ fún un. Kó fi ohun tó nílò ìtọ́jú àti yàrá àdáni sí ìsinmi, kó tètè bẹ̀rẹ̀ ohun tó ń pẹ́, kó sì wá ẹnì kan tó máa dúró tì í lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú ọ̀rọ̀ yìí wá, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó dáhùn, ẹ má sì gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.